Ọkọ̀ Ò Ní Dojúdé Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ kí wọn. Tí ẹ bá dé, ẹ ó bá ìtàn yìí níbi tí ẹ fi í sí. Kò níbi tó ń lọ.

Mùkáílà, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ káàánú òun. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí á má yọ ibi tó ti tì í lójú kúrò. A ò yọ ọ́.

Ọmọ Ìwó ni. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì, ó sì ríṣẹ́ sí Kàdúná ní 1980, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ẹ̀rọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni àìsàn rẹ̀. Tó bá sì ń ṣẹ̀fẹ̀, ojú rẹ̀ kì í yí padà. Ó lè sọ fún ọ pé ilé rẹ ń jó, kó sì máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bàálù kékeré gbafẹ́. Ní ọjọ́ kan, bàálù ẹgbẹ́ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí Mùkáílà wá wò ó. Ó tú u, ó tò ó, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n bi í pé kí ni kí àwọn fi dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun ní wíwà rẹ̀.

Ògúnbáyọ̀ ló kọ́ ọ, ọmọ Ilé-Ogbó kan tó ti ń wa bàálù láti ìgbà tí Mùkáílà ṣì ń lọ sílé kéú. Ní 1983, Mùkáílà gba ìwé àṣẹ. Ó di páílọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ti eré ọjọ́ Àìkú ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ oṣù.

Nígbà tó wálé fún Iléyá ọdún yẹn, fọ́tò kan ló mú bọ̀. Òun rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù funfun, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin.

Ṣẹ̀fíátù, ìyá rẹ̀, wo fọ́tò náà títí.

"Ìwọ lò ń wa èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ta ló ń jókòó tì ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni."

"Tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá wá kú sókè ńkọ́?"

"À á rọra máa fi ìyẹ́ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni, bí àṣá."

"Ìyẹn dáa," ni ìyá rẹ̀ wí. Síbẹ̀, kò gbé fọ́tò náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ilé yẹn. Ní 1974, lọ́rì kan tó kó iṣu láti Olúpọ̀nnà dojúdé ní kọ́nà. Fàtáì, àkọ́bí Ṣẹ̀fíátù, ló jókòó sórí iṣu. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe obìnrin yìí ní Ìyá Fàtáì mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń sọ létí rẹ̀ pé nǹkan dojúdé. Bí wọ́n bá fọ abọ́ tán, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ògiri ni. Àlejò tí kò mọ̀, tó bá da igbá dé, ẹnì kan á rọra lọ yí i padà láìsọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ yẹn, ìyá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Mo rí àwọn sójà nínú tẹlifíṣọ̀n Àáfà lọ́jọ́ òmìnira. Wọ́n yí bàálù lókè. Ó dojúdé. Èèyàn sì wà nínú ẹ̀!"

"Sójà nìyẹn, Màámi. Iṣẹ́ wọn ni."

"Ìwọ ò ní ṣe é?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Búra fún mi."

Àáfà Rájí, àbúrò olóògbé bàbá Mùkáílà, gbé Kùránì jáde. Wọ́n ní kí Mùkáílà lọ ṣe àlùwàlá. Ibi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ òsì ni ẹ̀fẹ̀ náà ti sọ sí i lọ́kàn.

Ó padà wọlé, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Mo fi Kùránì yìí búra," ló wí, "pé ọkọ̀ ò ní dojúdé mọ́ mi lọ́wọ́."

"Àmín," ni Àáfà Rájí wí.

"Àmín, àmín," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì nu ojú rẹ̀ nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìbúra yẹn kà. Ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ni pé kí ó má ṣe da ọkọ̀ dé. Ohun tí òun búra ni pé ọkọ̀ ò ní dojúdé mọ́ òun lọ́wọ́. Èyí tó bá dojúdé mọ́ni lọ́wọ́, jàǹbá ni. Èyí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ dà dé, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ láàárín méjèèjì, tó tó kí bàálù gba ibẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe pé ó ti pinnu àtiṣe é. Ó kàn fẹ́ràn àyè náà ni.

Ọdún kan kọjá. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó sọ bàálù kalẹ̀, Ògúnbáyọ̀ dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

"Mùkáílà, bí ìyá àgbà tó ń lọ kí àna lo ṣe ń wa nǹkan yìí. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti búra fún ìyá mi."

"O búra pé kí ni?"

Mùkáílà ka ìbúra náà fún un bó ṣe rí. Ògúnbáyọ̀ rò ó díẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ Ìwó yìí! Ìbúra yìí ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"Mo mọ̀."

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Wọlé, di bèlíìtì rẹ."

Wọ́n gòkè títí ilé fi dà bí páálí ìṣáná. Ògúnbáyọ̀ dojú imú bàálù kọlẹ̀ kí ó lè sáré, ó wá fà á sókè, sókè, títí ó fi rékọjá sẹ́yìn. Ilẹ̀ Kàdúná di òrùlé. Orógbó méjì tó wà lápò Ògúnbáyọ̀ já bọ́ sókè, wọ́n lu gíláàsì tó wà lórí wọn, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ojú Mùkáílà. Bèlíìtì nìkan ló gbé e ró. Kò ronú kan Fàtáì. Kò ronú kan ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, Ògúnbáyọ̀ bi í léèrè.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ tún un ṣe."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Títa òkìtì ni àwọn méjèèjì ń pè é láàárín ara wọn. Ògúnbáyọ̀ ṣàlàyé fún un pé ìdíje wà fún un. Wọn á fi aṣọ funfun sàmì sórí ilẹ̀. Òkè ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ ta òkìtì rẹ̀. Àwọn adájọ́ á jókòó sórí àga, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wò ó bóyá òbìrí rẹ ṣe róbótó àbí ó rí bí ẹyin. Bébà kékeré ni wọ́n máa ń ya òkìtì náà sí, ní títò, tí páílọ́ọ̀tì á lẹ̀ mọ́ iwájú ara rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni Mùkáílà fi kọ́ ọ. Ó bì sínú fìlà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kejì, ó gbàgbé, ó sì dé fìlà náà.

Àwọn tó ń ta òkìtì yìí máa ń fi ọwọ́ ṣe é nílẹ̀ kí wọ́n tó gòkè. Wọ́n á di ojú, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ bí ìyẹ́, wọ́n á máa yí i, wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn. Nígbà tí Mùkáílà wálé ní 1985, ó ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé, kò mọ̀ pé ìyá òun wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mùkáílà, kí ló ń ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Ó ń ro mí ni, Màámi. Mò ń nà án."

Obìnrin náà wọlé, ó gbé òrí jáde, ó jókòó, ó sì fi ìdajì wákàtí wọ́ ọwọ́ fún un. Mùkáílà jókòó, ó jẹ́ kó wọ́ ọ.

Nàfísátù, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ mọ̀. Tíṣà ni, Ìwó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ń gbé. Ó ń fọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó sì rí bébà òkìtì nínú àpò.

"Ọkọ mi, kí ni àwọn ìlà wíwọ́ yìí?"

Mùkáílà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ ṣe é fún un. Ó sọ ti ìbúra náà pẹ̀lú, ó sì dúró kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Nàfísátù ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ní sọ fún Màámi?"

"Màá sọ fún wọn tí mo bá gba ife-ẹ̀yẹ. Tí wọ́n bá bi ọ́ kó tó dìgbà yẹn, ìwọ ṣáà ti sọ pé rárá."

"Kí n purọ́ fún wọn?"

"Irọ́ kọ́. Ọkọ̀ ò dojúdé mọ́ mi lọ́wọ́ rí."

"Èmi ò gbọ́ irú Yorùbá yìí rí o," ni Nàfísátù wí. Ṣùgbọ́n ó gbà fún un. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́.

Ìdíje bọ́ sí oṣù kọkànlá 1986. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù lálàá kan tí kò yé e. Ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Nàfísátù, ìwọ ni mo ní nítòsí. Ọmọ mi, ṣé kì í yí nǹkan yẹn lókè?"

"Rárá o, Màámi."

"Wò mí lójú."

Nàfísátù wò ó lójú.

Ọjọ́ Àlàmísì ni ìdíje. Èèyàn mọ́kànlá ló figagbága. Ọyẹ́ ti dé, sánmà funfun bí omi ògì. Mùkáílà ta òkìtì mẹ́sàn-án. Ní mẹ́rin nínú wọn, orí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, láti Jọ́ọ̀sì, ló ṣe ipò kìíní. Mùkáílà ló tẹ̀ lé e.

Ó sáré lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ láti tẹ wáyà sí Nàfísátù, nítorí wáyà ló ń yára dé nígbà náà. Akọ̀wé ibẹ̀, Haúsá kan tí kò gbọ́ Yorùbá, ní kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó sì gé e kúrú, ẹ̀rọ àwọn ò mọ àmì.

Ó lè kọ ọ́ pé ara òun le. Ó lè kọ ọ́ pé òun ta òkìtì, òun sì ṣe ipò kejì. Kò kọ ìyẹn. Ó wo fọ́ọ̀mù náà, ojú rẹ̀ ò yí padà, ó sì kọ:

OKO DOJUDE LEEMERIN. MO GBE IPO KEJI. MUKAILA.

Ó rò pé Nàfísátù á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ láyà, á wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọn á jọ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dọjọ́ ogbó. Àdírẹ́sì ilé-ìwé ìyàwó rẹ̀ ló kọ sí i, kó má baà dé ilé.

Ilé-ìwé ti gba ìsinmi ráńpẹ́. Àlàní tó ń pín lẹ́tà mọ ilé wọn. Ó ṣe wọ́n lóore, ó fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sílé láàárọ̀ Jímọ̀.

Nàfísátù ti lọ sọ́jà Odò-Orí.

"Ti ìyàwó yín ni, Ìyá," ni Àlàní wí. "Láti Kàdúná."

"Ọmọ mi ló kọ ọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀."

"Kà á fún mi."

Àlàní na bébà náà jìnnà sójú. "Oko... Ìyá, kò lámì lórí. Àbí ọkọ ni? Oko ò sì lè... ó dáa, ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ dojúdé lẹ́ẹ̀mẹ..."

Ó mọ ilé tó wà. Gbogbo àdúgbò ló mọ ilé tó wà.

"Kà á tán," ni Ṣẹ̀fíátù wí.

"Mo gbé ipò kejì. Mùkáílà."

"Ipò kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, Ìyá."

"Fàtáì ló gbé ti àkọ́kọ́," ni obìnrin náà wí, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àlàní gbìyànjú. "Ìyá, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá ti... kò lè fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ wáyà." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ní àwọn ará ọsibítù ló tẹ̀ ẹ́ lórúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìjọba ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nàfísátù bá igbe nílé. Wọ́n fún un ní bébà náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan.

"Màámi, kò kú! Òkìtì ló ta! Wọ́n máa ń fi bàálù ta òkìtì, àwọn adájọ́ á jókòó, wọ́n á máa fún wọn ní máàkì! Ó gba ipò kejì ni!"

Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn. Àbẹ̀ní, ìyálé ilé kejì, fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ bu omi tútù wá fún un. Ọ̀rọ̀ ti yí i lórí."

"Orí mi pé! Màámi, òtítọ́ ni mò ń sọ!"

Ṣẹ̀fíátù gbójú sókè wò ó.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o wojú mi, o ní rárá. Lónìí, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ṣẹ̀fíátù àti Àáfà Rájí ti wọkọ̀. Aṣọ funfun ìsìnkú wà nínú báàgì ìyá náà, pẹ̀lú òwú àti lọ́fínńdà. Kò fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ àjèjì sin ọmọ òun.

Mùkáílà ò mọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n ní kí àwọn tó gba ipò tún ta òkìtì fún ìran wíwò. Ó gòkè, ó yí bàálù, ó sì ń fò lọ bẹ́ẹ̀, orí nísàlẹ̀. Ó rí àwọn méjì tó wọ funfun lẹ́nu géètì, tí wọ́n rọ̀ mọ́ ilẹ̀ bí àdán. Ó rò pé òǹwòran ni. Ó mi apá bàálù kí wọn.

Lẹ́nu géètì, Àáfà Rájí ti fi Haúsá bi máígàádì léèrè.

"Mùkáílà ọmọ Ìwó, níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí?"

Máígàádì nawọ́ sókè. "Òun nìyẹn."

Ṣẹ̀fíátù gbójú sókè, ó sì rí i.

Nígbà tí Mùkáílà sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, báàgì lórí itan. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Màámi! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"A wá sin ọ́."

Ó kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ìyá náà wá tú báàgì. Nígbà tó rí òwú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti akoto lórí.

"Mùkáílà," ni Àáfà Rájí wí, "o fi Kùránì búra."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tó ní kí á má yọ kúrò nìyí. Ó ti ní gbólóhùn kan nípamọ́ fún ọdún mẹ́ta. Nílẹ̀ tó wà yẹn, ó gbórí sókè, ó sì sọ ọ́.

"Bàbá, mi ò búra èké. Mo ní ọkọ̀ ò ní dojúdé mọ́ mi lọ́wọ́. Kò dojúdé. Èmi ni mo dà á dé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ògúnbáyọ̀, tó rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́sí, ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Tún un sọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Sọ ọ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Mùkáílà la ẹnu. Kò lè sọ ọ́.

"Ipò kejì lo gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ta ló gba ìkíní?"

"Sójà kan ni. Ará Jọ́ọ̀sì."

"Ṣé ìyá tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣe é?"

Mùkáílà wẹ̀yìn. Ìyá sójà náà ló jókòó sórí àga iwájú láti àárọ̀, ó ta agbòòrùn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti yí.

"Ó mọ̀, Màámi. Òun ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

Ṣẹ̀fíátù wo obìnrin náà.

"Ó bẹ ìyá ẹ̀," ló wí. "Ìwọ ò tiẹ̀ bẹ̀ mí wò."

Kò bú u. Kò ṣépè. Kò jẹun rẹ̀, kò sùn sílé rẹ̀. Ó ní kí Àáfà Rájí gbé aṣọ funfun náà fún mọ́sáláṣí tó wà nítòsí, fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, wọ́n sì wọkọ̀ padà.

Kí wọ́n tó lọ, Àáfà pe Mùkáílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìbúra, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ní kí o búra ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ohun tí ìwọ fi pa mọ́ sínú. Ṣe ètùtù rẹ̀." Mùkáílà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dá káàdì ẹgbẹ́ padà. Láti ìgbà náà, kò tún gòkè mọ́.

Nígbà tí ìyá náà délé, Nàfísátù ti kúnlẹ̀ dè é.

"Dìde," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Ìwọ tiẹ̀ sọ ọ́ nígbẹ̀yìn."

Ó dárí ji ọmọ rẹ̀ náà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú Àáfà, ó gbàdúrà fún un, ó sì ń jẹ́ kó wálé. Ṣùgbọ́n Mùkáílà ṣàkíyèsí ohun kan. Bí wọ́n bá bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ọmọ rẹ̀ ṣì ń fò, kì í sọ pé kò fò mọ́. Á ní, "Ó ní òun ò fò mọ́." Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ara rẹ̀ le, á ní, "Ó ní ara òun le." Ohunkóhun tó bá ti ẹnu Mùkáílà wá, ọ̀rọ̀ méjì yẹn, "ó ní," ni ìyá rẹ̀ ń fi ṣíwájú rẹ̀. Kì í fi ṣe ẹ̀sín. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Ní Iléyá 1989, ó délé láàárọ̀, ó jókòó sórí ẹní níwájú ìyá rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà tó tẹ̀ fún un. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àbẹ̀ní na ohùn láti ojú ọ̀nà.

"Ìyá Mùkáílà! Ṣé ọmọ yín ti dé?"

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó.

"Ó ní òun ti dé."